Fíìmù Tó Ń Padà Sẹ́yìn

Ìlú ńlá kan ń wó lulẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n Ishaq lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ará Ajara sì kún inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fọ́fọ́. Fíìmù òyìnbó tuntun ni. Wọ́n ní owó tí wọ́n fi ṣe é tó kọ́ afárá láti Badagry dé Ìlú Ọba. Àárín ariwo yẹn ni Safiyat wọlé, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò dúdú kan dání bí ẹni gbé ẹyin.

"Bọ̀ọ̀dá Ishaq, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí sí i. Màámi wà nínú ẹ̀."

Gbogbo wọn yà fún un lọ́nà. Ta ni ò mọ̀ pé ọjọ́ tí Comfort bí Safiyat gan-an ló kú, àti pé omi ló gbé àpótí fọ́tò wọn lọ? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò rí ojú ìyá rẹ̀ rí.

Àfi Mákánjú káfíńtà. "Fíìmù ayé Nóà? Ẹ jẹ́ ká wo bí ìlú ṣe ń wó jàre!"

"Ẹnu ẹ ló máa wó," ni Zinsu, ẹ̀gbọ́n Comfort, fèsì láti ẹnu ọ̀nà. Òun ló wá kásẹ́ẹ̀tì náà rí ní Àjàṣẹ́. "Láyé owó epo ni àwọn onífíìmù wá ṣe é létíkun wa. Èmi ni mo ṣe òkú nínú ẹ̀."

Ishaq fa fídíò rẹ̀ tó ti gbó jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Wèrè ni ẹ̀rọ ọ̀hún. Tó bá ń lọ síwájú, kìkì ìfófòó funfun bíi tòkun ló ń hó lójú tẹlifíṣọ̀n. Àfi tó bá ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn ni àwòrán tó ń jáde.

Ìparí ni kásẹ́ẹ̀tì náà sì wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe wo fíìmù láti ìparí nìyẹn. Iyanrìn ń fò jáde nínú sàréè, ó ń bà lé ṣọ́bìrì. Zinsu jáde nínú ilẹ̀. Omijé àwọn tó ń sunkún gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sókè, ó wọ ẹyinjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n Zinsu, ẹ ti jíǹde!" ni Mákánjú ké. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Obìnrin kan yọ létí omi lọ́hùn-ún.

"Òun nìyẹn. Ó ń lọ wọkọ̀ ni. Wọ́n ní kó má wo kámẹ́rà o," ni Zinsu sọ.

Ẹ̀yìn ló fi ń bọ̀. Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn. Safiyat di bẹ́ǹṣì mú. "Màámi, ẹ yíjú."

Ó yíjú. Ó wo kámẹ́rà tààrà, ó yọ ahọ́n sí i. Ojú Safiyat ni, pẹ̀lú èjí rẹ̀. Ikùn rẹ̀ sì yọ rògòdò lábẹ́ aṣọ.

"Safiyat," ni Ishaq sọ, "ìwọ nìyẹn nínú ikùn ẹ̀ yẹn. Àṣé o ti ṣe fíìmù kí wọ́n tó bí ẹ!"

Safiyat fọwọ́ kan dígí, iná ta á níka pìn-ín.

Kásẹ́ẹ̀tì dún kò. Ó ti dé ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká tún un wò," ni Safiyat sọ.

Kí wọ́n tó lè tún un wò, kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn síwájú dópin, wákàtí kan gbáko. Bọ́tìnì tó ń mú un sáré ti kú. Ni gbogbo wọn bá jókòó, wọ́n ranjú mọ́ ìfófòó funfun. Ẹnìkan wúkọ́.

"Ẹ rọra o," ni Mákánjú sọ wẹ́lẹ́. "Ó ń lọ wọkọ̀ lọ́wọ́ nínú ìfófòó yẹn."