Wáyà Kan Ṣoṣo

Ní ọdún 1979, wáyà kan ṣoṣo ló so ilé ìfìwéránṣẹ́ tí Àtinúkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ní Aràmọ̀kọ pọ̀ mọ́ Àkúrẹ́. Òun ló ń bá àwọn èèyàn wá ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, àwọn yòókù á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀yínadé, ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan fi ogún ìṣẹ́jú ka orúkọ gbogbo ẹni tó wá síbi ìkómọ ọmọ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Dorcas tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dúró sí, ó ń wá ẹ̀jẹ̀ fún aláboyún kan. Aláboyún náà yè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó kú. Láti ọjọ́ náà ni Àtinúkẹ́ ti ń rò ó: báwo lèèyàn ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kánjúkánjú láìtíì gbọ́ ọ?

Ó wá gbé páálí mẹ́ta sórí tábìlì. Ẹni tó bá wọlé yóò kọ orúkọ àti ìlú rẹ̀, ọjọ́, àti ìdí tó fi wá sórí bébà, yóò sì jù ú sínú páálí tirẹ̀: àìsàn, iṣẹ́, tàbí ìkíni. Àìsàn ló ń ṣíwájú, ìkíni ló ń kẹ́yìn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó dán an wò.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó dà bíi pé gbogbo ìlú ló ń ṣàìsàn. Kódà Rótìmí olùkọ́, tó fẹ́ béèrè nípa ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, kọ àìsàn. Àtinúkẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣàìsàn lóòótọ́ kì í gùn. Ó bá fún àìsàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó fún iṣẹ́ àti ìkíni ní mẹ́wàá. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe padà sínú páálí wọn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bó ṣe ń to àwọn bébà, ó rí ọ̀kan nísàlẹ̀ páálí ìkíni: Ògúndáre, Ìdó-Ilé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gbójú sókè. Bàbá àgbẹ̀ tó ń jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì lójoojúmọ́ ni. Àtinúkẹ́ ti rò pé ṣe ni bàbá ń sin ẹnì kan wá. Ojú tì í. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, ìwọ lo ní àìsàn ló ń ṣíwájú,” ni bàbá wí. “Ara mi le, ara Ayọ̀bọ́lá ọmọ mi náà le. Ohùn rẹ̀ ni mo kàn fẹ́ gbọ́.”

Aláìsàn mẹ́ta ló ti sọ̀rọ̀ tẹ̀ léra láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àtinúkẹ́ ní bàbá ló kàn. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, bí mẹ́ta bá ti lọ nínú àìsàn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ nínú àwọn yòókù. Àwọn tó ń dúró kùn, ọ̀gá sì jáde wá láti inú yàrá rẹ̀. Ó tẹ́tí sí àlàyé Àtinúkẹ́ dáadáa.

“Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe márùn-ún?”

“Mi ò tíì mọ̀, sà. Mo fẹ́ máa kà wọ́n wò ná.”

Ọ̀gá wọlé lọ mú ìwé tuntun kan wá fún un, kó lè máa kọ iye wọn sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bàbá di tẹlifóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀.