Ọmọ Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Nínú gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olújídé gbé wá sí àpérò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Biétry, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kóòtù ọrùn rẹ̀ nìkan ló gún régé. Ó dúró níwájú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ó ń sọ Faransé bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ló ń sọ, èyí tí ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mùtmàínà, nọ́ọ̀sì tó fi odidi ọdún kan gún àwọn ọmọ ọ̀hún lábẹ́rẹ́ ní Williamsville, àdúgbò kan nílùú náà, jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò dárúkọ rẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá yìí ò gbé agada rí.

"Quarante pour cent!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ní Williamsville, ogójì ni kò padà wá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn ìyá wọn ò kàwé. Ẹ jẹ́ ká gbé abẹ́rẹ́ tó kù lọ síbi tí wọ́n ti mọyì ẹ̀."

Mùtmàínà pòṣé. Àwọn ìyá tí ò kàwé! Àwọn ará Ìgbòho tó wá ṣòwò níbí, tí wọ́n ń fi ọjà sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí ọmọ wọn lè gba abẹ́rẹ́! Bí ìyá bá gbé ọmọ wá lóṣù yìí, á ní Kàmíl lorúkọ ẹ̀. Bí ìyá àgbà bá gbé e wá lóṣù tó ń bọ̀, oríkì tó ń pè é nílé ló máa sọ: Àlàbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sọ ọmọ kan di méjì, ó ní Kàmíl ti sá lọ. Ká ní òyìnbó ló ṣe àṣìṣe yìí, à bá dárí jì í. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni! Bí gbọ̀ngàn bá sì gbà á gbọ́, abẹ́rẹ́ tán ní Williamsville nìyẹn, kí ibà máa bá àwọn ọmọ jà lọ.

Ó nawọ́ sókè.

"Professeur, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyá bàbá yín ń pè yín?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ ṣùtì sí i. "Àkàndé. Kí ló kan àjẹsára níbẹ̀?"

"Ó kàn án. Bí màmá yín bá gbé Olújídé wá lóṣù janvier, tí ìyá àgbà gbé Àkàndé wá lóṣù février tó tẹ̀ lé e, nínú ìwé yín, Olújídé ti sá lọ, màmá ẹ̀ ò sì kàwé."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mùtmàínà gbé ìwé orúkọ àwọn ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ bá Madame Salimatou, alága ìjókòó náà. Obìnrin náà wo Kàmíl, ó wo Àlàbí: ọjọ́ ìbí kan náà, nọ́ńbà fóònù kan náà. Ó ṣí ojú ewé púpọ̀ sí i, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí.

"Abẹ́rẹ́ kankan ò ní kúrò ní Williamsville," ni Madame wí. "A ó tún àwọn ọmọ yìí kà. Nọ́ọ̀sì yìí ni yóò kà wọ́n."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti le koko.

"Mùtmàínà, ṣé o ò lè wá sọ ọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀ ni?"

"Mo wá lẹ́ẹ̀mẹta, sà. Nígbà kẹta, ẹ ní kí n lọ po tíì wá."