Ọkọ Ni, Kì Í Ṣe Ọkọ̀

Tí gbogbo ẹni tó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí eré Ayaba Etídò dojú dé bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbọ̀ngàn náà ì bá ti ya bí àpò gaàrí tí eku jẹ. Igba àga péré ló wà nínú ẹ̀, nǹkan bí àádọ́ta sì ṣófo. Bùkúnmi mọ̀, torí òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ya tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nínú bàtà tó há a lẹ́sẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ tíátà kò lè jókòó pọ̀ ní Life Camp l'Ábújá kí ẹnìkan má gbẹ́nu sókè pé, "Hẹ̀n-ẹ́n! Mo wà níbẹ̀ o!" Àwọn tí ojú ń tì láti purọ́ á wá máa mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú: "Ó dùn mí pé n ò rí i. Eré tó dára, a ti rí i sú. Eré tó bàjẹ́ báyẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ọlọ́run ń fúnni."

Kí ló ṣẹlẹ̀? Eré olórin ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ẹ̀ẹ̀kan náà kò sì parí. Ọkọ ayaba lọ sójú ogun, kò dé. Ayaba jáde sétí odò, ó wo òréré, ó sì kọrin:

*Ọkọ mi ń bọ̀, ọkọ mi ń bọ̀,*
*Mo dúró títí, ẹsẹ̀ ń ro mí.*

Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn orin náà lọ sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti lọ sílẹ̀, ọkọ di ọkọ̀, ayaba odidi wá di èrò tó ń retí mọ́tò ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan láti ẹ̀yìn fi ohùn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ pariwo. Ẹ̀rín bú. Nígbà tí ayaba fi máa débi "mo wo ọ̀nà, ọ̀nà dá páropáro," àwọn ènìyàn ti ń pariwo pé, "Ẹ sún mọ́ra yín o! Ẹ mú ṣéńjì dání!" Wọ́n fa aṣọ ìtàgé dé. Kò ṣí mọ́ láéláé.

Ẹni tó kọ eré náà, tó tún ṣe ayaba, ni Fẹ̀yìntọlá Adéyẹmọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Òun ni ìyá Bùkúnmi. Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́. Tí wọ́n bá dìde kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò dìde, yóò ṣí ìwé orin, ètè rẹ̀ kò ní mira.

Bùkúnmi ní òṣùwọ̀n kan tó fi ń wọn òpùrọ́. Nínú ìtàn tó ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu, igbe tí kọ̀ńdọ́ yẹn ké ni "Nyanya-Màràbà! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" Ẹni tó bá ti pe Nyanya, Bùkúnmi á rẹ́rìn-ín, á sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti òpùrọ́ nínú ọkàn. Torí kì í ṣe Nyanya. Ohun tí wọ́n pè ni "Karu Sáìtì, ẹnìkan ṣoṣo ló kù!" Karu gan-an ni òun àti ìyá òun ń gbé. Báwo ni ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ṣe máa pe àdúgbò wọn? Kí ló dé tí kò pe Kúbwà? Kí ló dé tí kò pe Gwarinpa? Ẹni tó mọ̀ wọ́n ló dìídì ṣe é, ó dá a lójú bí ẹní rí i. Ó ti fura sí Shalom, ẹni tó fi ohùn sí orin náà tó sì sá lọ sí Kánádà lọ́dún kejì. Ó fura sí Àǹtí Olúfúnkẹ́ inú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó fẹ́ ṣe ayaba tí wọn kò fún un, tí ìkíni rẹ̀ sì máa ń kúrú títí di òní.

Ìdí nìyẹn tó fi fura nígbà tó dé ilé lọ́jọ́ ìsinmi kan tó bá ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀, atíkè lójú, ìwé àjákọ kan lórí itan. Ìwé eré ọ̀hún gan-an ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi wà lábẹ́ aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀dà mìíràn kò sí mọ́.

"Mọ́mì, ta lẹ ń retí?"

"Ọkùnrin kan, Akínjídé. Ó ń ṣe eré orí ìtàgé. Ó fẹ́ gbé Ayaba dìde ní Kérésìmesì yìí, ó sì fẹ́ mú ìwé lọ kà. Lokogoma ló ń gbé."

"Ṣé Lokogoma ni wọ́n ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere ni?"

"Má bá mi bẹ̀rẹ̀ lónìí o. Ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ta ni kò sí níbẹ̀! Mọ́mì, ẹ gbọ́. Kì í ṣe eré yín ni wọ́n fẹ́ rí. Ìṣubú yín ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n pàdánù ti àkọ́kọ́, wọ́n wá ní kẹ́ ẹ wá ṣubú lẹ́ẹ̀kejì káwọn náà lè rí i fi gbéra ga."

Ìyá kàn ń fi àtàńpàkò nu ẹ̀yìn ìwé náà, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ọkùnrin náà dé. Yóò tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú kílíṣí, ẹran gbígbẹ líle àwọn Hausa, dání nínú bébà. Bùkúnmi wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹni tó gbé kílíṣí wá fún ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, ṣé kì í ṣe eyín rẹ̀ ló wá kó lọ? Nǹkan kejì tún kọ Bùkúnmi lóminú: àwọn ọmọ Abuja, tí wọ́n bá ní àwọn dọ̀bálẹ̀, wọn ò ṣe ju kí ọwọ́ wọn kan orúnkún lọ. Èyí na gbogbo ara lé táìsì ilẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Dìde, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Kí ni gbogbo èyí?"

"Ẹ ṣé mà."

Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sáré. Bùkúnmi fa àga tirẹ̀ síwájú rẹ̀ gan-an, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

"Bọ̀dá Akínjídé, ẹ ní ẹ wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọ̀ wo laṣọ ayaba?"

"Funfun ni. Ṣùgbọ́n iná pupa tí wọ́n tàn sọ ọ́ di bí ẹni pé wọ́n da epo sí i."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fọ́tò lè sọ ìyẹn fún un. "Ibo lẹ jókòó sí?"

"Lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ fáànù tó ń ké bí adìyẹ tí wọ́n dì mú."

"Bùkúnmi," ni ìyá rẹ̀ ń kìlọ̀, "àlejò ni, kì í ṣe olè."

"A ò tíì mọ̀yẹn, Mọ́mì. Ó kù ẹyọ kan. Kí ni kọ̀ńdọ́ yẹn pè?"

Ọkùnrin náà wo kílíṣí rẹ̀ lórí tábìlì. "Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ wà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ayé. Kí ló pè?"

Bùkúnmi ti ń rẹ́rìn-ín òṣùwọ̀n rẹ̀ bọ̀ nígbà tí ọkùnrin náà sọ wẹ́rẹ́ pé, "Kì í ṣe Nyanya. Karu Sáìtì ni. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù."

Ẹ̀rín náà gan mọ́ ọn lẹ́nu. Àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nìyí, láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àbí? Kàkà kó balẹ̀, ńṣe ló tún fò sókè. Ọkùnrin yìí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kí ló dé nígbà náà tí kò lè wo ojú ìyá? Kí ló dé tó fi àyà kanlẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ àforíjì?

"Ẹ pè é," ló wí, "bí ẹni yẹn ṣe pè é gẹ́lẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò."

"Èmi kì í ṣe àbúrò yín. Ẹ pè é."

"Pè é," ni ìyá wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ti pàṣẹ ní ọ́fíìsì fún ọdún márùndínlógójì ni.

Akínjídé gbé orí sókè, ó di ojú, ó sì pè é. Ó fà á láti imú, ó jù ú sókè, ó wá gé ìrù rẹ̀ kúrú: "Karu Sáìtì, ẹnìkan ṣoṣo ló kùùù!" Ó rọ́ lu ògiri pálọ̀. Ẹyẹlé tó wà lójú fèrèsé fò lọ.

Bùkúnmi ti dìde. "Ìwọ ni!" *Ẹ* ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, *o* ló kù. "Ìwọ lo ṣe é! Ta ló rán ẹ? Àǹtí Olúfúnkẹ́ ni, àbí?"

"Mi ò mọ Àǹtí Olúfúnkẹ́ kankan! Kai! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Karu ni mò ń gbé, ọkọ̀ Karu ni mò ń wọ̀ lójoojúmọ́, òun ló wá sí mi lẹ́nu." Ó yíjú sí ìyá wàyí. "Mọ́mì, mo rò pé àwàdà ni. Mo búra. Ayaba kan dúró, ó ní ọkọ̀ òun ń bọ̀, ó ní òun dúró títí, ẹsẹ̀ ń ro òun. Mo ní, obìnrin yìí mọ ìyà wa! Mo rò pé ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí àwa náà lè dá sí i ni. Ìgbà tí mo rí ojú yín ni mo tó mọ̀. Mo jáde, mo fẹsẹ̀ rìn débi tí mi ò mọ̀. Látọjọ́ náà, mi ò tíì ṣe eré kan kí n má rí ojú yẹn láàárín èrò."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù," ni ìyá wí.

"Ẹnu mi ò gbà á, mà."

Bùkúnmi fa ìwé àjákọ náà gbà lórí itan ìyá rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. "Ìwé yìí ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà yìí. Kó o gbé kílíṣí ẹ, kó o máa lọ. Karu Sáìtì ń retí ẹ."

Ìgbà náà ni ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó gbọn èjìká, tó mú kó fi gèlè nu ojú.

"Jókòó, Bùkúnmi. Ta ló tẹ ọ̀rọ̀ orin fún Shalom?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi ni. Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, lẹ́tà ńlá gbogbo, kò sí àmì ohùn, kò sí ẹsẹ̀ kan lábẹ́ lẹ́tà. OKO MI N BO. Ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ pé kò kà á sí èyí tó burú jù. Abuja ni Shalom dàgbà sí, Yorùbá 'wá jẹun' ló gbọ́. Ó pè mí, mo wà ní mítìn. Ó ní, 'Àǹtí, òkè ni àbí ilẹ̀?' Mo rò pé ó ń béèrè ibi tí ayaba máa dúró sí ni, orí òkè etídò ni àbí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo ní, 'Ilẹ̀.'"

Bùkúnmi jókòó.

"Ohùn ló ń béèrè," ni ìyá wí. "Mo fún un ní ilẹ̀, ó sì fi ọkọ mi sílẹ̀. Orin yẹn nìkan sì ni èmi àti Shalom kọ́ lọ́tọ̀, tí kò sẹ́ni mìíràn tó gbọ́ ọ ṣáájú ọjọ́ náà. Èmi fúnra mi, ìbẹ̀rù èrò tó ń bọ̀ ti di etí mi. Ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín ni mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ."

"Ẹ sì ti mọ̀ látọjọ́ yìí? Ẹ jẹ́ kí n máa fura sí Àǹtí Olúfúnkẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún!"

"Ìwọ lo fẹ́ràn ìfura. Mi ò fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Akínjídé rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Bùkúnmi, ó gbé e mì.

Ìyá na ọwọ́. Bùkúnmi di ìwé náà mú fún ìgbà díẹ̀, kó tó dá a padà. "Ìwé mi kò ní jáde," ni ìyá wí. "Ọmọ mi jàre lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ, Akínjídé, ní gbogbo Sátidé, wàá wá jókòó síbí yìí, wàá fi ọwọ́ ara rẹ dà á kọ, àmì ohùn kan ò gbọdọ̀ sọnù. Bùkúnmi á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀dà tó o bá kọ, tìẹ ni. Àwọn tó bá fẹ́ wá wò ó torí kó lè bàjẹ́, kí wọ́n wá. Wọ́n á jókòó títí, ẹsẹ̀ á ro wọ́n."

"Ta ló máa ṣe ayaba, mà?"

Ìyá la ẹnu, ó pa á dé, ó tún un là. Ohùn tó jáde há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún: *Ọkọ mi ń bọ̀.* Bùkúnmi dẹtí bí ọlọ́pàá, ó ń ṣọ́ ibi tó ti máa yọ̀ sílẹ̀. Kò yọ̀. Ó lọ tẹ́ẹ́rẹ́ ní àárín méjèèjì, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Bùkúnmi yíjú sí fèrèsé, ó ní eruku kó sí òun lójú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Akínjídé dé láìmú kílíṣí, ọsàn ló mú. Ó ṣí ìwé tuntun, ó kọ *Ọkọ*, ó wá gbé bírò dúró lókè ọ̀rọ̀ náà, kò mọ ibi tó máa fi kàn.

"Òkè ni àbí ilẹ̀?" ni Bùkúnmi bi í.

Ó wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá pàkúté. "Àárín."

"Kí la máa ń kọ lé ohùn àárín?"

Ó ronú títí. Ó fi bírò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò fi kan bébà; kò sí àmì tó yẹ ibẹ̀. Bùkúnmi bó ọsàn kan, ó gbé apá kan síwájú rẹ̀.

"Máa bá a lọ," ló wí. "Mo ṣì ń ṣọ́ ẹ."