Iná Apá Ọ̀tún

Ní ọdún 1984, kò sí alùpùpù tó dà bí ti Hezekiah Oyèlẹ́yẹ ní gbogbo Ìlá. Àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti Jámánì. Ó ga, ó sanra, ó ní gíláàsì níwájú tó ń gba atẹ́gùn, ó sì ní bọ́tìnnì kan tó máa ń mú eré rẹ̀ dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ohun tí Hezekiah fi ń yangàn jù ni tírafíkétọ̀ rẹ̀, iná tí a fi ń sọ ibi tí a fẹ́ yà sí. Bí alùpùpù bá ti yà tán, iná náà á pa ara rẹ̀.

"Ọwọ́ ni ẹ̀yin fi ń pa tiyín," á ní. "Tèmi ní ọpọlọ."

Wòléwòlé ni Hezekiah. Láti Ìlá dé Ọ̀rà, bí àwọn obìnrin bá ti gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀, wọ́n á sáré da omi ìkòkò wọn nù.

Sànúsí ni mẹkáníìkì rẹ̀, ó sì tó ọdún mẹ́wàá tó fi jù ú lọ. Lọ́jọ́ kan, Sànúsí ṣèèṣì fi ọwọ́ ọ́ìlì kan ìjókòó alùpùpù náà. Hezekiah gbá a létí níṣojú àwọn tó ń lọ sọ́jà. Ó ní kó kúnlẹ̀, kó ṣí fìlà, kó fi nu ìjókòó náà. Sànúsí kúnlẹ̀, ó ń nù ún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bọ́láwùmí, ìyàwó Hezekiah, tó jẹ́ tíṣà, ló sáré wá fà á dìde.

"Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó bẹ Sànúsí.

Sànúsí ki fìlà rẹ̀ bọ àpò, ó padà sídìí iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Hezekiah gbé alùpùpù náà wá, ó ní bíréèkì rẹ̀ ń dún. Wáyà tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, òun ló ń jẹ́ kí iná mọ ìgbà tó yẹ kó kú. Sànúsí tún bíréèkì ṣe, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀mú gé wáyà náà, ó sì fi téèpù dúdú wé ojú rẹ̀. Ó rò pé Hezekiah á máa tanná kiri ìlú, àwọn èèyàn á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń wé e.

Nígbà tí Hezekiah padà dé, òun àti Bọ́láwùmí ni.

"Ọ̀rà là ń lọ," obìnrin náà wí. "Ara ìyá mi ò yá."

Sànúsí sọ ẹ̀mú sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ ò kúkú wọ mọ́tò—"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Hezekiah jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ ẹlẹ́gbin yìí lò ń pàṣẹ fún ìyàwó mi?"

Sànúsí di alùpùpù náà mú kí Bọ́láwùmí lè gùn ún dáadáa, ó sì ní kí wọ́n lọ re, kí wọ́n bọ̀ re.

Ní ìparí ìlú, Hezekiah tanná apá ọ̀tún, ó yà sí ọ̀nà Ọ̀rà, kò sì wo iná náà mọ́. Iná náà kò kú. Níwájú, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ràsákì ń gbé lọ́ọ̀rì pákó jáde láti ọ̀nà oko kan ní apá ọ̀tún. Ó rí iná náà, ó rò pé alùpùpù fẹ́ yà wọlé, ló bá jáde, lọ́ọ̀rì rẹ̀ sì gbá ẹ̀yìn alùpùpù náà. Hezekiah fò sínú koríko, kò ju pé ìgbúnwọ́ rẹ̀ bó. Táyà lọ́ọ̀rì gun ẹsẹ̀ Bọ́láwùmí. Àwọn dókítà gé e lókè orúnkún.

"Ó ń tanná apá ọ̀tún!" ni Ràsákì ń ké. "Ojú mi ni mo fi rí i!"

Àwọn ọlọ́pàá ní kí Sànúsí wá yẹ alùpùpù náà wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wó, iwájú kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ọlọ́pàá tó mú un wọlé lọ mu omi, Sànúsí so wáyà náà padà. Lẹ́yìn náà ó pe ọkùnrin náà, ó gbé iwájú sókè, ó tanná, ó ń fi ọwọ́ yí táyà. Iná náà kú fúnra rẹ̀.

Ó jẹ́rìí sí i ní kóòtù. "Èmi ni mo ń tún un ṣe, Olúwa mi. Iná yẹn kì í gbàgbé."

"Bàbá, ẹ wojú mi," Ràsákì wí láti inú àpótí ẹlẹ́jọ́.

Adájọ́ ni Sànúsí ń wò. Wọ́n fi Ràsákì sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún.

Kí ọdún tó yí po, Hezekiah ti gbé ìyàwó mìíràn wọlé, ó ní òun ò lè máa gbé obìnrin lọ sílé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bọ́láwùmí ń padà sílé ìyá rẹ̀, ó ní kí mọ́tò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Sànúsí. Ó fi igi méjì tó fi ń rìn rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì ní kí dírẹ́bà gbé iṣu mẹ́rin wá.

"Mi ò lówó, Bàbá Ọmọ́táyọ̀. Ẹ bá mi gba èyí. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òtítọ́ fún mi."

Sànúsí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó bá a gbé igi rẹ̀ wọ mọ́tò, ó sì ti ilẹ̀kùn fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gún méjì nínú iṣu náà níyán. Sànúsí jẹ ẹ́, ó sì ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i fún òun.