Ọfà Tó Ń Sá Lọ́jọ́ Ìsinmi

Kò ṣe é lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Mo ti kà á, mo tún un kà, kò yí padà. Kò sí èébú níbẹ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pádì nínú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀: a ti wá irú kọ̀ǹpútà yín, a ti fọwọ́ ra pádì rẹ̀, ibi tí à ń fi ìka sún ọfà ojú rẹ̀, síwá sẹ́yìn, ọfà náà kò sá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tó yàtọ̀ níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín, a ó ti ẹjọ́ náà pa.

Kí ló yàtọ̀... Kí ni kí n sọ pé ó yàtọ̀? Ilé Ọlọ́run ni. Ṣé ohun tí mo fẹ́ kọ ránṣẹ́ sókè òkun nìyẹn — pé kọ̀ǹpútà mi ń ya wèrè, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni?

Wèrè náà sì ni, orúkọ mìíràn ò bá a mu. Màá fi ìka kan ṣoṣo sún ọfà lọ síbi orin tó kàn tí mo fẹ́ gbé sára ògiri fún ìjọ, kó tó débẹ̀ á ti fò sókè, á já sí igun, á ṣí ohun tí n kò ní kó ṣí, á ti ohun tí n kò ní kó tì. Nílé, rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkàtẹ́, rárá. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń fi ya káàdì ìgbéyàwó níbẹ̀, ọfà á máa tẹ̀lé ìka mi jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Ìyẹn gan-an ló ń... ó ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Kì í ṣe pé mo káwọ́ gbera. Mo ti nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà, mo tún Linux gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti yá máòsì. Ṣùgbọ́n orin tí Ẹ̀mí bá mú wá lójijì, nọ́ńbà rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ tẹ̀, ọwọ́ á kan pádì, ó di wàhálà. Mo ti kọ àṣẹ tó ń pa pádì. Bí a bá ti ki okùn ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ sára ògiri bọ̀ ọ́, pádì á tún jí. Àléébù mìíràn nìyẹn nínú Linux, mo ti fi òun náà sùn wọ́n. Kí n má ki ṣájà bọ̀ ọ́ ńkọ́? Bátìrì ti kú fin-ín. Bí mo bá yọ ṣájà, ògiri á ṣókùnkùn lójú gbogbo ìjọ.

Àti pé ọ̀la ni Ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀la ni, Ṣèyílọ́lá.

Olùṣọ́ ìjọ wa kò bínú sí mi. Ì bá dáa kó bínú. Ńṣe ló dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó fọwọ́ bo ẹnu díẹ̀ kí àwọn èèyàn má baà gbọ́. *Sista Ṣèyílọ́lá, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń try. Ṣùgbọ́n ọkàn ìjọ ò balẹ̀ mọ́. Tó bá tún ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sílẹ̀, ká padà sí ìwé orin wa.*

Ká padà sí ìwé. Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tójú rẹ̀ ń ríran.

Ojú Màámi kò ríran dáadáa mọ́. Dókítà ti wò ó, ó ti fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i, fírífírí ni wọ́n ṣì ń rí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin sára ògiri, ńṣe ni wọ́n máa ń ṣí ìwé sọ́wọ́ lásán, kí ojú má baà tì wọ́n. Wọ́n á máa mi ètè bí ẹni ń kọrin. Èmi tí mo dúró tì wọ́n nìkan ló mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Màámi tí wọ́n ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi... N kò lè máa wò ó. Mo bẹ Olùṣọ́, ó gbà. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, ó kún ògiri. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe é, ohùn kan ga lẹ́yìn mi, ó ga ju ti gbogbo obìnrin ibẹ̀ lọ, n kò sì tètè mọ̀ pé ìyá mi ni.

Ohùn yẹn ni ọfà gé kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àárín orin gan-an, ọfà sá, orin pa rẹ́, àwòrán káàdì ìgbéyàwó oníbàárà gba gbogbo ògiri. Ọkọ ìyàwó ń rẹ́rìn-ín sí ìjọ Ọlọ́run. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Màámi dákẹ́. Ìyá Aríran Fèyíkẹ́ bá gbọn orí, ẹ̀mí gbé wọn. *Mo rí ọwọ́ kan lórí ẹ̀rọ yẹn! Kì í ṣe ọwọ́ Ṣèyílọ́lá o!*

Kì í ṣe ọwọ́ mi. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí nínú, àbí?

Lónìí, Màámi ò jẹun. Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún wọn láàárọ̀, wọ́n ní *gbé e pa mọ́ ná, ó di ìrọ̀lẹ́.* N kò bi wọ́n pé ààwẹ̀ kí ni. Ta ni mo fẹ́ bi ní ohun tí mo mọ̀.

Ó dáa. Kí n kọ ọ́. Kí n kọ ohun tó yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́, kí n má kó ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wọ̀ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni a ń lò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ náà là ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì onírin ni. Àbẹ́là ń jó nítòsí. Tùràrí... ṣé èéfín tùràrí ń wọ inú kọ̀ǹpútà? Mo kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Apá sùtánà mi gbòòrò, bóyá òun ló ń kan pádì. Ṣùgbọ́n mo ti ká a dé ìgúnpá rí, ọfà sá síbẹ̀. Mo pa ìyẹn náà rẹ́. Ohun tó kù sílẹ̀ kò pọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, èmi ni mo —

Kí nìyẹn?

Ọfà fò.

Rárá o. Ojú mi ni. Mo ti tẹjú mọ́ ọn jù...

Ó tún fò. Ó sá lọ sí igun, ó padà. Nílé! Nínú yàrá wa ní Jakande, lọ́sàn-án gangan, láìsí àbẹ́là, láìsí sùtánà, láìsí ẹnikẹ́ni. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Ó dúró. Mo fi ìka kàn án pẹ́. Ó sá.

Ó ti tẹ̀lé mi wálé.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pádì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Linux. Ó ti tẹ̀lé mi wálé. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Èmi tí mo ń rojú sí Ìyá Aríran láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A jẹ́ pé mo ti gbà á gbọ́ tipẹ́ nìyẹn... Mo ti gbà pé nǹkan kan wà lára mi. Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí àwọn tí n kò rí rí? Kì í ṣe kí wọ́n bá mi tún pádì ṣe. Kí ẹnì kan tí kò mọ̀ mí sọ pé kì í ṣe èmi ni. Wọ́n wá fi pẹ̀lẹ́tù dá mi lóhùn pé kò sí nǹkan kan lára ẹ̀rọ. Bí kò bá sí lára ẹ̀rọ, lára ta ló kù?

Mí, Ṣèyílọ́lá. Mí. Ẹ̀rọ ṣì ni. Wọ́n ní kí o sọ ohun tó yàtọ̀. Kí ló yàtọ̀ lónìí?

Òjò ni. Òjò àná gbé omi wọlé, bó ṣe máa ń ṣe fún àwa tí a wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Mo ti gbá a jáde, mo ti nu ilẹ̀, sìmẹ́ńtì ṣì tutù rinrin. Sálúbàtà wa kún fún ẹrẹ̀, mo fọ̀ wọ́n, wọ́n wà níta nínú oòrùn. Ẹsẹ̀ mi ń tutù. Mo ká a sórí àga...

Ọfà dákẹ́.

Ìka mi ṣì wà lórí pádì. Mo rọra sún un. Ó ń tẹ̀lé mi. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì — ó sá. Mo ká ẹsẹ̀ sókè. Ó dákẹ́ pẹ́ẹ́. Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kan ilẹ̀. Ó sá! Nǹkan kan sì ń jẹ mí wìnnìwìnnì ní ọrùn ọwọ́, níbi tó ti kan irin etí kọ̀ǹpútà.

Gàníyù tó ń tún iná ṣe fún wa ní ṣọ́ọ̀bù ti sọ ọ́ rí, lórí ọ̀rọ̀ fíríìjì tí iná rẹ̀ ń gbá ọ̀gá wa. *Àǹtí, iná tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń wá.* Ṣájà àlòkù tí mo ń lò yìí ló ń jò. Èmi ni ọ̀nà tó ń gbà dé ilẹ̀. Bó ṣe ń gba ara mi kọjá, pádì ò mọ ibi tí ìka mi wà mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, bàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Nílé, sálúbàtà ni. Màámi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì, wọ́n ní otútù á wọni lára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì...

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ní ń wọ bàtà? Láti ìgbà tí mo ti ń rìn ni. Bí a bá ti wọ sùtánà, bàtà ti bọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń rò ó. Mo kọ jẹnẹrétọ̀, mo kọ tábìlì, mo kọ tùràrí, mo pa á rẹ́. N kò kọ ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀gbẹ́ni yẹn wọ bàtà sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, pé òun náà kò ní ronú kan ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láéláé. Kò parọ́ fún mi. Èmi náà kò parọ́ fún un.

Inú mi dùn. Ó dùn débi pé ojú mi ń ṣomi, kí n sì sọ òótọ́, ara tù mí ju bí mo ṣe rò lọ. Kò sí ọwọ́ kankan. Ẹní pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́la màá ká ọ̀kan sí ìlọ́po mẹ́rin, màá tẹ́ ẹ sábẹ́ tábìlì, màá gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí Olùṣọ́ bá bi mí, màá ṣàlàyé. Bí mo bá sì sọ ọ́ fún Màámi, mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: ta ló ní kí òjò gba sálúbàtà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ tí àwọn ń gbààwẹ̀? Mo tilẹ̀ ti ń rò ó pé n kò ní wá èsì kankan sí i.

Ẹjọ́ ṣì wà ní ṣíṣí lójú kọ̀ǹpútà. Mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, mo pa gbogbo ohun tí mo ti kọ rẹ́, mo tún un kọ:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tì í pa. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ jókòó síbi tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì. Kí ẹ wá bọ́ bàtà yín.