Sànmánì Tí A Kò Ní Nílò Àmì

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Dókítà Adégbóyè dùn, ẹ ṣáà bi í léèrè ibi tí ayé ń lọ. Yéè! Ẹ jókòó dáadáa, torí ó di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Èkìtì ni, olùkọ́ ìtàn ni ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn èèyàn díẹ̀ a máa pé jọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ìbá, òun a sì máa ṣàlàyé fún wọn ohun tí àwọn òyìnbó amòye kan gbà gbọ́ láyé àtijọ́, pé sànmánì mẹ́ta ni ìtàn ọmọ aráyé pín sí. Sànmánì Baba ti òfin àti ẹ̀rù ni. Sànmánì Ọmọ ti oore-ọ̀fẹ́ àti ìwé ni. Ìkẹta, sànmánì Ẹ̀mí, ló ń bọ̀ lọ́nà. Tó bá dé, a ò ní nílò àlùfáà mọ́, a ò ní nílò ìwé, ẹnikẹ́ni ò sì ní tọ́ka nǹkan sí wa. Olúkúlùkù á kàn mọ̀ ni.

Ruth ìyàwó rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, a máa gbé ṣinṣín àti míníràlì fún àwọn àlejò, a sì máa fi ọkọ rẹ̀ yangàn. Máyọ̀wá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló máa ń tú bàbá rẹ̀ fó. "Dádì, ní sànmánì Ẹ̀mí yìí, ṣé ẹ̀yin náà á wá máa mọ ibi tí ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí?" Gbogbo pálọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, torí kò sí àárọ̀ tí Dókítà kì í pariwo orúkọ ọmọ náà káàkiri ilé, pé kó wá bá òun wá kọ́kọ́rọ́.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Kí wọ́n tó gbé Máyọ̀wá dé ọsibítù ní Òkòkòmáìkò, ọmọ ti lọ. Ó mà ṣe o! Ọmọ tó ti ń múra àtiwọ yunifásítì.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí nílẹ̀ wa. Bàbá àti ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ wọn, wọn kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àlàájì Sàlámì onílé wọn, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, ló kó àwọn ọkùnrin àdúgbò jọ láti lọ sin ọmọ náà. Ruth di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó ní òun ń bá wọn lọ.

"Mọ́mì Máyọ̀, ẹ dákun," Àlàájì bẹ̀ ẹ́. "Èèwọ̀ ni."

Ruth bá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ọkọ tó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé sànmánì òfin ti kọjá. Gbólóhùn kan péré ló ń retí lẹ́nu rẹ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé wí o! Ó ní, "Ruth, ara lásán ni wọ́n ń gbé lọ. Wọlé." Ruth wọlé, mọ́tò sì gbéra.

Ọdún yí po. Dókítà ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, kò sì dárúkọ ọmọ náà mọ́. Sátidé á dé, á tún máa sọ ti sànmánì. Ọ̀rọ̀ náà wá ń rí kíkan létí Ruth. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá, ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí. Ó kàn fẹ́ jókòó tì í, kó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, kó mọ̀ pé ibi báyìí ni òjò ń pa á sí.

Ó bẹ Àlàájì títí, Àlàájì ní rárá. Lọ́jọ́ kan, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Àlàájì ti ń ta fíríìjì ní Àlàbá, lójú àwọn oníbàárà. Omi bọ́ lójú Àlàájì.

"Ẹ dìde, ẹ dìde jàre. Màá mú yín lọ. Ṣùgbọ́n Dókítà gbọ́dọ̀ bá wa lọ. Mi ò lè mú ìyá nìkan lọ síbẹ̀."

Ruth délé, ó gbé bàtà síwájú ọkọ rẹ̀. Dókítà la ẹnu: "Ruth, ní sànmánì tó ń bọ̀ yìí..."

"Dádì Máyọ̀, ẹ wọ bàtà."

Ó wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn Ajangbadi ni ilẹ̀ ìsìnkú náà wà. Àlàájì wọlé, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Sàréè tuntun ti kún ibẹ̀, koríko sì ti bo àwọn ti tẹ́lẹ̀.

"Àlàájì, èwo ni?" Ruth bi í. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni? Ṣé ẹ ò fi àmì kankan sí i ni?"

Àlàájì wo Dókítà. Dókítà wolẹ̀.

"Mo fẹ́ fi sí i, Mọ́mì. Mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta, kí ẹbí lè rí i lọ́jọ́ iwájú. Dókítà ló ní kí n má ṣe é. Wọ́n ní ní sànmánì tó ń bọ̀, olúkúlùkù á mọ èèyàn tirẹ̀ láìsí àmì. Mo rò pé ẹ jọ sọ ọ́ ni."

Ruth yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò pariwo.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ fi hàn mí. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò nílò kí wọ́n tọ́ka. Ọmọ mi dà?"

Dókítà wo sàréè kan, ó wo òmíràn.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ruth, mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà lára òkúta, á jẹ́ pé lóòótọ́ ló kú."

Ó kúnlẹ̀ ti sàréè tó sún mọ́ ọn jù lọ. "Máyọ̀wá?" Ó dìde, ó lọ sídìí òmíràn. "Máyọ̀wá?" Ẹkún ti gbà á lóhùn.

Ruth yí padà. Ó ń lọ ni, kò fẹ́ rí ọkùnrin náà sójú mọ́ láyé. Ó ti dé ẹnu géètì nígbà tí ohùn ọ̀hún tún dún lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn àárọ̀ nìyẹn, ohùn tí Dókítà fi ń pe ọmọ rẹ̀ kó wá bá òun wá nǹkan.

Ruth sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì ilẹ̀ náà.

"Máyọ̀wá," ó wí fún sàréè àkọ́kọ́, "ṣé ìwọ nìyí?"