Ẹnu Dáínásọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Tí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí páànù orí ṣọ́ọ̀bù yìí já lé mi lórí. Bàbá Káfíńtà, ẹ má wòkè. Ẹ̀yin lẹ kan páànù náà, ẹ mọ̀ pé kò lè já. Ìyá Télọ̀, ẹ dá máṣíìnì yín dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti fíìmù tí èmi fúnra mi ti ṣe dáínásọ̀.

Ìyá Télọ̀ ní, "Ìdí dáínásọ̀ lo ṣe. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, ẹ ṣeun. Kí ló ń gbé ẹran rìn, ṣé orí ni? Ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú, wọ́n fi èjìká ru orí àti ọrùn. Èmi wà lẹ́yìn, mo ru ikùn, mo ru ìdí, mo sì ń wọ́ ìrù tó gùn láti ibí dé ìkóríta.

Bàbá Káfíńtà ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní ó dé ilé epo. Ṣé ìrù ọ̀hún ń súnkì ni?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti yó. Lónìí, mi ò tíì jẹun.

Ẹ gbọ́. Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi. Wẹ́dà bíi tiwọn ò sí. Irin tó bá kán sí méjì, tí wọ́n bá ti jó o pọ̀, Ọlọ́run nìkan ló lè tọ́ka sí ojú àpá. Géètì àti bẹ́ẹ̀dì onírin ni wọ́n ń ṣe kí ọ̀gá onífíìmù tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan. Àwòrán ló mú dání: alángbá kan tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, eyín ẹ̀ bíi ṣọ́bìrì. Ó ní dáínásọ̀ lorúkọ ẹ̀, ó ní gbogbo wọn ti kú tán kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé. Ó ní kí wọ́n fi irin ṣe egungun ẹ̀ fóun, òun á fi fóòmù àti rọ́bà bò ó, èèyàn méjì á wọ inú ẹ̀, wọ́n á máa fi sáré.

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwòrán yẹn títí. Ọkùnrin náà ní, "Ṣé ẹ lè ṣe é?"

Wọ́n ní, "Géètì tó ń sáré ni, àbí?"

Oṣù méjì la fi ṣe é. Eyín ẹ̀ ló le jù. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń jó wọn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ mọ gíláàsì dúdú tí wẹ́dà máa ń fi bojú kí iná má bàa bà á lójú jẹ́? Ó ṣókùnkùn jù fún eyín kéékèèké. Tí wọ́n bá fi bojú, wọn ò ní rí ibi tíná ń bọ́ sí. Ni wọ́n bá bọ́ ọ sílẹ̀. Wẹ́dà wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ bá kéré? Á ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, á fojú lásán wo iná fìrí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́nà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Bàbá Káfíńtà ní, "Mo kìlọ̀ fún un."

Ẹ kìlọ̀. Èmi ni mo fẹ̀rín dá yín lóhùn. Mo ní ojú ẹ̀gbọ́n mi lágbára ju iná lọ.

Ká tó parí ìrù, ojú ọ̀hún ti ń domi. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó mí kanlẹ̀. Ó ní iná ti jó inú ẹyinjú méjèèjì, pé ohun tó bá jó níbẹ̀ kì í hù padà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣú lọ. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ wò, kí wọ́n tètè wò ó.

Nígbà tá a délé, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ wò. Mo ti múra láti gbé wọn dé etí òkun lẹ́yìn mi.

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ rí ẹranko mi nínú sinimá, kó máa sáré. Ẹni tó bá wà nínú ẹranko ò lè rí ẹranko."

Ó tán. Ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ayé kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ tá a sáré, hẹ̀n! Pápá ńlá kan báyìí, oòrùn ń ta bí ata. Mi ò rí nǹkan kan nínú fóòmù yẹn àfi ìdí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn òṣèré mẹ́sàn-án ń ké níwájú, àwa ń lé wọn gbìrìgbìrì. A yára ju ẹṣin lọ.

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?" Ìyá Télọ̀ ló bèèrè.

Èmi ni. Ṣé mi ò sí níbẹ̀ ni?

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ẹranko nìkan ni àwọn onífíìmù fẹ́ yà, bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Wọn ò fẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ni ẹ̀gbọ́n mi bá dá lọ. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi padà dé. Mo ní báwo ló ṣe rí, wọ́n ní ó ti parí, wọ́n kọjú sógiri. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, mi ò mọ̀ pé inú ń run tèmi.

Ọdún kan àtààbọ̀ la fi retí fíìmù yẹn. Ihò abẹ́rẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ò kọ́kọ́ rí mọ́. Nígbà tó yá, wọn ò dá ojú èèyàn mọ̀ àfi tónítọ̀hún bá sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí, "Fíìmù ńkọ́?" Màá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí mo pa fún wọn, ẹ ò lè kà á tán.

Nígbà tí fíìmù fi máa jáde, wọ́n kàn ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ó ṣú ni. Mo ṣáà mú wọn lọ sílé sinimá. A jókòó síwájú pátápátá, wọ́n na ọrùn sókè bí ẹni tó ń gbóòórùn òjò. Mo gbẹ́nu sétí wọn, mò ń sọ ohun tí mò ń rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, fíìmù ọ̀hún burú, ó tún dùn! Ọkọ̀ kan tó ń lọ sínú ìràwọ̀ ló bàjẹ́ lójú ọ̀run, ó já sí ayé kan tí dáínásọ̀ ti jọba. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dáínásọ̀ ṣe ń jẹ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ìràwọ̀ yẹn, táńkì omi ni, mo rí ẹ̀rọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń jò tó, tó, tó. Ọkùnrin tí dáínásọ̀ kọ́kọ́ gbé mì tún wà níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé lẹ́yìn ikú ẹ̀, ó ń mi orí sí ọ̀rọ̀. Obìnrin kan sá nínú igbó fún ọjọ́ méje, àtíkè ojú ẹ̀ ò pa rẹ́. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín tẹkún-tẹkún, ṣùgbọ́n tí ewé bá ti mì báyìí, ariwo! Bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí fò mọ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn.

Ló bá kan pápá wa. Mo dá pápá náà mọ̀. Àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í sá, nǹkan sì yọ lẹ́yìn wọn.

Kì í ṣe tiwa. Kọ̀ǹpútà ló yà á. Ara ẹ̀ ń dán bí ara ẹja, iṣan ń yí lábẹ́ awọ. Ó dára ju tiwa lọ, mi ò ní parọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ mi mú. "Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀. Ṣé àwa nìyẹn?"

Mo ní, "Àwa ni, bọ̀dá mi."

Inú wọn dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ojú wọn tàn. Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Tí mo bá fún èèyàn ní ẹja, màá fi odò kún un. Mo ní, "Ẹ ò rí ẹnu! Ó ṣí wàà bíi géètì, eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta ń kọ mànà, ó gbé awakọ̀ mì tòun ti bàtà!"

Ọwọ́ wọn tú kúrò lára mi.

"Ẹnu ẹ̀ ṣí?"

"Ó ṣí, bọ̀dá mi."

Dáínásọ̀ tún pa èèyàn méjì sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹnu yẹn ò ṣí rí. Lọ́jọ́ kejì, mo fa okùn tó ń ṣí i títí, kò mira. Mo ti fi iná jó ibi tó yẹ kó ti máa ṣí pọ̀ mọ́ra. Mi ò rí àlàfo ẹ̀. Ojú mi ti lọ nígbà yẹn, mi ò kàn sọ fún ẹ ni. Ọ̀gá onífíìmù ní òun á fi kọ̀ǹpútà ya ẹnu, pé bóyá òun á ṣì lo eré tá a sá yẹn. Bóyá yẹn ni mo ń retí látọjọ́ yìí. Èyí tí ẹnu ẹ̀ ṣí tó sì tún ń sáré, ti kọ̀ǹpútà ni. A ò sí níbẹ̀ rárá, àbí?"

Mo tún na ọwọ́, mo di ọwọ́ wọn mú.

Wọ́n ní, "Fà mí dìde."

Ó ku èèyàn méjì láàyè nínú fíìmù nígbà tá a jáde. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n yè é.

Ìyá Télọ̀ ní, "Ìgbà wo nìyí?"

Ìjẹta ni.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ti jẹun?"

Wọ́n mu omi. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀, wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mo sọ fún wọn láàárọ̀ yìí pé ọ̀gá onífíìmù ń wá wọn, pé erin tó níyẹ̀ẹ́ ló kàn tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọn ò tiẹ̀ sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ìyẹn ló lé mi wá síbí. Ẹ̀yin, ẹ máa ń bá mi jiyàn.

Bàbá Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. "O ò gbọdọ̀ tún sọ ti fíìmù kankan fún un mọ́."

Kí ni kí n wá sọ?

"Má sọ nǹkan kan."

Bàbá, báwo lèèyàn ṣe ń wà nínú ilé tí kò bá sọ̀rọ̀?

Ìyá Télọ̀ ló dá mi lóhùn, kò sì wojú mi. "Ẹ̀gbọ́n ẹ nìkan ló wà nílé látàárọ̀? Dìde níbẹ̀ jàre. Máa lọ sílé."

Ìyá Télọ̀, mi ò tíì sọ ibi tí...

"A ti gbọ́," Bàbá Káfíńtà ní. "Máa lọ sílé, ọmọ yìí. Máa lọ."